Iye Ọdún Tí Wọ́n Sọ sí Bàbá Létí

Ìṣó wà lẹ́nu Bàbá, bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ó fi ètè há wọn mọ́ra, ó ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kàn wọ́n mọ́ igi àga tí ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́. Àsìkò yìí ni Haleemah fẹ́ràn jù láti kàwé fún un. Ọ̀ṣẹ́nì oníṣẹ́ àga, bàbá rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn láìdá sí i. Bí ìwé bá ní ọba kú, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó pa á. Bí wọ́n bá ní ọmọbìnrin kan sá lọ, á ní ta ló di oúnjẹ fún un. Ṣùgbọ́n bí ìṣó bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, "hùn-ún" nìkan ló kù tí ó lè sọ, ọmọ rẹ̀ á sì ráyè.

"Kéla ti wọ yàrá bàbá ẹ̀ báyìí," Haleemah ní. "Bàbá náà ò sí nílé."

"Hùn-ún."

"Ó ń wá kọ́kọ́rọ́."

"Hùn-ún?"

"Kọ́kọ́rọ́ géètì ìlú. Mo sọ fún yín lánàá, Bàbá. Ẹ kì í rántí nǹkan."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Kéwú ni Ọ̀ṣẹ́nì kà ní tiẹ̀, Yorùbá tí ó sì lè kà kò ju ìwọ̀nba lọ. Haleemah a jókòó lórí fóòmù tí wọ́n ká jọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ á wà lára Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá á sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹjọ rèé tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ní àwọn ọjọ́ tí eegun bá ń ro ó tí kò lè lọ sí kíláàsì. Bàbá a tẹ́ fóòmù fún un nínú ṣọ́ọ̀bù kí ojú òun lè tó o, ọmọ a sì gbé ìwé sójú kí ó má baà máa gbọ́ ìrora ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ SS ni ó ní. Fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn àgbà àdúgbò wọn ní Mushin ń pè é, bí wọ́n bá rò pé etí rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ Pẹ̀lúmi ni ìwé ti ń wá. Ibi tí Haleemah ti ń gba ìtọ́jú ní Ìdí-Àràbà ni ó ti mọ̀ ọ́n, lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Yaba ni Pẹ̀lúmi ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, irú ìwé kan ṣoṣo ló sì fẹ́ràn: èyí tí ayé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe nínú rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ sì wá ń forí ṣe fọrùn ṣe láti tún un ṣe. Bí ó bá ti kà á tán, ó di ti Haleemah. Èyí tó wà lọ́wọ́ yìí, èèpo rẹ̀ ti ya kúrò, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ pé. Ìtàn ìlú kan ni, létí òkun tó ti gbẹ, níbi tí kò ti sí ẹni tí ń darúgbó. Omi tí wọ́n ń mu ló ti ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Ẹnì kan á lo ogójì ọdún, ẹlòmíràn á lo méjìdínlógún péré, ìjọba sì ti mọ iye tẹnì kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí i.

Láti ojú ìwé kìn-ín-ní ni Ọ̀ṣẹ́nì kò ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ìwé burúkú ni, pé kí Haleemah kúkú bá òun tún ti olè tó jí ọkọ̀ ojú irin yẹn kà. Haleemah ní rárá, kí ó fara balẹ̀, ibi tó dùn ló ń bọ̀.

Lẹ́yìnkùlé, epo ti ń gbóná. Àǹtí Sàúdátù, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ló ti Ìpọ̀nrí wá ní kùtùkùtù láti dín mọ́sà àti ẹran de àlejò. Àwọn ènìyàn Taoheed, ẹni tó fẹ́ fẹ́ Haleemah, ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kí wọ́n sì mú ọjọ́ yìgì. Kò tó wákàtí kan mọ́.

Taoheed kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro gan-an nìyẹn. Páàtì ọkọ̀ ló ń tà, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, ó sì ní ìyàwó kan nílé. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè bí ó bá ń bèèrè àlàáfíà Haleemah. Kí Bàbá tó gbà pé kí ó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù rárá, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e fún Haleemah pé kí ó bá òun kà á. AA ni. Bàbá ní kí ó tún un kà. AA náà ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra mínírà fún gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní ọ̀wọ́ wọn, títí kan fọkanáísà tí wọn kì í kí ara wọn.

Haleemah ní òun kò fẹ́. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ó fi ẹkún sọ ọ́, ìgbà kẹta kò fi nǹkan kan kún un mọ́, ó kàn sọ ọ́ ni. Bàbá tí kò gbé ọwọ́ sókè sí i rí, tí ó fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀yìngbò lọ́jọ́ kan torí pé ọmọ ní ọsàn ibẹ̀ ló ń wu òun, ló yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó ní, "Wàá lọ." Kò ṣàlàyé. Haleemah bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí òun ti lè ṣẹ̀ ẹ́. Ó wá a títí, kò rí i, ó sì ń dùn ún wọ eegun.

"Haleemah! O ò tíì wẹ̀?" Àǹtí Sàúdátù lọgun láti ẹ̀yìnkùlé.

"Mò ń bọ̀, mà! Ó ku ojú ìwé mẹ́ta!"

"Ṣé ìwé lo fẹ́ wọ̀ jáde sáwọn àlejò ni? Dìde ńbẹ̀ jàre!"

Bàbá fi òòlù ṣe àpèjúwe pé kí ó máa kà á lọ. Bóyá òun náà ń fẹ́ kí àsìkò yẹn má tètè tán.

"Kò rí kọ́kọ́rọ́," Haleemah ń bá a lọ. "Àpótí kékeré kan ló rí lábẹ́ ibùsùn. Aṣọ ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, aṣọ tiẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Okùn kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ta ní kókó. Wọ́n ti tú èyí tó pọ̀ nínú kókó yẹn, Bàbá. Ó ku ẹyọ kan."

Bàbá kò ní "hùn-ún."

"Ó wá yé e pé ọdún òun ni wọ́n fi okùn yẹn kà. Ẹ rántí pé tí wọ́n bá bímọ nílùú yẹn, akọ̀wé ìjọba á wá, á tẹ̀ sí bàbá ọmọ létí, á sọ iye ọdún tọ́mọ náà máa lò. Bàbá nìkan ni. Kò gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá, kò gbọ́dọ̀ sọ fọ́mọ. Tó bá wá jẹ́ obìnrin, tí iye ẹ̀ kéré, dandan ni kó tètè fi í fọ́kọ, bó fẹ́ bó kọ̀, kó lè bímọ sílẹ̀ fún ìlú kọ́jọ́ ẹ̀ tó pé." Ó ṣí ojú ìwé. "Ìdí tí bàbá Kéla fi ń lé e bí ẹni ń lé adìẹ láti fẹ́ ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. Ó ti mọ̀ látijọ́. Kéla wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, 'Gbogbo ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín sí mi yẹn, ó mọ̀.'"

Òòlù ti dákẹ́. Haleemah kò kọ́kọ́ fura, nítorí pé gbólóhùn náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì ń tún un kà nínú ara rẹ̀. Ìgbà tí ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí igi ló tó gbójú sókè. Gbogbo rẹ̀ bọ́ lẹ́nu Bàbá. Ọ̀kan há mọ́ ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà níbẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kí ni, Bàbá?"

"Haleemah, mo ní ta ló sọ fún ẹ? Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ìyá ẹ kú, kò mọ̀. Mi ò sọ fún Sàúdátù. Ta ló wá sọ fún ẹ?"

Haleemah rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé eré ni. "Inú ìwé ni o. Ẹ wò ó." Ó na ìwé náà sí i, bí ẹni pé ó lè kà á.

Bàbá kò wo ìwé. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀rín kú lójú Haleemah.

"Wọ́n ní mọ́kànlélógún," Bàbá wí. "Wọ́n ní irú yín kì í kọjá ọdún mọ́kànlélógún."

Oṣù tó kọjá ni Haleemah pé ogún ọdún. Bàbá pa adìẹ lọ́jọ́ náà, ó sì lọ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù lóun nìkan, ó ní ooru inú ilé pọ̀. Haleemah gbé itan adìẹ lọ fún un níbẹ̀, kò jẹ ẹ́.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Òun ló kàn báyìí láti bèèrè ìbéèrè náà.

Ọ̀ṣẹ́nì jókòó sórí àga tí kò tíì ní fóòmù, lórí igi lásán. Ó sọ ọ́ láìgbé orí sókè. Ọmọ ọdún méjì ni Haleemah, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì ń ké láti àárọ̀. Ìyá rẹ̀ ti lọ sí ọjà. Ọ̀ṣẹ́nì gbé e pọ̀n bí obìnrin, ó sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà lẹ́yìn títì nígbà náà, tí wọ́n ti wó o báyìí tí wọ́n fi kọ́ ibi ìtajà fóònù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Nígbà tó yá, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun pè é sí kọ̀rọ̀. Títí di òní kò mọ̀ bóyá dókítà ni tàbí nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà tẹ̀ sí i létí kí àwọn tó jókòó má baà gbọ́. Ó ní kí ó má fi ọkàn sí ọmọ yìí púpọ̀ jù.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀," Bàbá ní. "Mo ní ẹ ṣé é, mà. Mo gbé ẹ pọ̀n, mo ń bọ̀ nílé."

"Ẹ ò bi ẹlòmíì?"

"Ẹ̀rù ń bà mí." Ó nu ètè rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Mo rò pé tí mo bá bi ẹlòmíì, ó lè bù ú kù."

Báyìí ni Haleemah wá mọ ìdí tí Bàbá kì í fi wọlé tọ dókítà ní Ìdí-Àràbà. Ó máa ń sìn ín dé ẹnu géètì, ó máa ń dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn tó ń ta omi, ó sì máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó wọlé wá jókòó. Ó ní òórùn oògùn kì í bá òun lára mu. Ọdún méjìdínlógún gbáko ló fi dúró síta gbangba, tí ọ̀rọ̀ tí ì bá tú u sílẹ̀ wà nínú ilé ìwòsàn.

"Taoheed ńkọ́?" ó bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Mo fẹ́ kí o fi ẹnì kan sílẹ̀ fún mi." Bàbá fọwọ́ pa igi àga. "Ọdún kan ló kù, Haleemah. Tí o bá tètè lóyún, ọmọ á ti wà. Màá máa rí ojú ẹ lára ẹ̀. Kò sí nǹkan míì tí mo fẹ́. Mo wá ẹni tí kò ní nà ẹ́, mo wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́. Mo wá a dáadáa."

Bí ó bá jẹ́ pé ó pariwo mọ́ ọn ni, ì bá dára. Haleemah ì bá pariwo padà. Ṣùgbọ́n bàbá kan ló jókòó síwájú rẹ̀ tí ó fẹ́ kí ojú ọmọ rẹ̀ má parẹ́ láyé, tí ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìfẹ́ pa á.

"Bàbá, oyún tí ẹ fẹ́ kí n sáré ní yẹn, òun gan-an ni dókítà ń kìlọ̀ ẹ̀ fún wa. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀, kó wà lójú wọn. Wọ́n ní ká má sáré ṣe é. Òun ló lè tètè pa mí."

Bàbá gbé òòlù sílẹ̀. 

"Ìyá mi ńkọ́?" Haleemah kò mọ̀ pé òun máa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. "Ta ló sọ iye tiẹ̀ fún yín?"

Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló pa Ìyá Haleemah. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, abara-le, tí ń gbé àpò ìrẹsì bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Kò sí ẹni tó pe ọkọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ nítorí tirẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì bo ojú.

"Ẹ mọ Pẹ̀lúmi, àbí?"

"Nọ́ọ̀sì yẹn. Èyí tó ń fún ẹ níwèé."

"Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. SS ni, bíi tèmi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni."

Bàbá yọ ọwọ́ kúrò lójú. Ó ti rí Pẹ̀lúmi lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́nu géètì, nínú kóòtù àti bàtà gíga, ó sì ti tẹrí ba fún un nítorí pé ó rò pé obìnrin náà ló ń tọ́jú ọmọ òun. Kò sí ìgbà tí ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé aláìsàn lè wọ bàtà gíga.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ó ní.

"Ìyá kan wà tá a jọ máa ń gba nọ́ńbà, SS lòun náà. Ọmọ ọmọ ẹ̀ ló ń mú un wá. Kò sẹ́ni tó mọ iye, Bàbá. Mo lè kú lọ́la. Ẹ̀yin náà lè kú lọ́la. Wọ́n purọ́ fún yín ni, tàbí kí wọ́n má mọ̀."

Haleemah rò pé inú Bàbá máa dùn. Ó rò pé á fò sókè, á ní Alhamdulillahi. Ọ̀ṣẹ́nì kò ṣe èyíkéyìí. Ó rọra yọ̀ kúrò lórí igi àga náà, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àjákù fóòmù, ó ń gbọn orí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òkú tó sin kọ́ ló yẹ kó sin.

"Ojoojúmọ́," ó ní. "Mo ń ka ọjọ́ tó kù lójoojúmọ́."

Inú Haleemah náà kò dùn. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ burú ju ìbínú lọ, nítorí pé gbogbo ohun dáadáa tó ti gbà láti kékeré ló ń yí ojú padà. Nígbà tó ní òun fẹ́ gba fọ́ọ̀mù JAMB bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, Bàbá ní kí ó ṣe sùúrù ná, Haleemah sì rò pé àánú ara òun ló ń ṣe é. Nígbà tó ní kí ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gé awọ àga, Bàbá gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó jókòó kí ó máa kàwé fún òun, ó sì fọwọ́ pa á lórí. Ó jókòó. Ó rò pé ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé ni òun. Ó ti fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí pé bàbá òun kò bá òun wí rí. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìfẹ́ tí wọ́n máa ń ní sí ẹni tó dùbúlẹ̀ tí ń lọ ni, tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a jiyàn lórí ohunkóhun. Láti ọmọ ọdún méjì ni Bàbá ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀, òun sì ń jẹ ẹran ọ̀fọ̀ náà, ó ń lá ọwọ́.

"Ẹ ti sin mí tipẹ́," ó wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Bàbá sunkún nígbà náà. Kò bo ojú mọ́. Haleemah kò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì yẹ kí ó dìde lọ bá a, kí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò lè dìde. Ó jókòó sórí fóòmù, ó ń wò ó, ọkàn rẹ̀ sì ń bàjẹ́ sí i nítorí pé kò lè dìde.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Sàúdátù ti bá wọn, ṣíbí ìdín-mọ́sà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ti wà níwájú ilé! Haleemah, aṣọ ilé yìí náà lo ṣì wọ̀…" Ó rí ojú àbúrò rẹ̀. "Ọ̀ṣẹ́nì? Ta ló kú?"

 Ọ̀ṣẹ́nì dìde, ó gbọn ìdọ̀tí fóòmù kúrò ní sòkòtò rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Rárá, Bàbá."

Ó fi fìlà nu ojú, ó dé e, ó sì jáde.

Haleemah gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí. Mẹ́rin ni wọ́n: Taoheed, Alhaji Láyíwọlá tó jẹ́ àbúrò bàbá Taoheed, àti àgbà méjì mìíràn. Wọ́n kí, Bàbá kí wọn padà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má bínú, ọmọ kò fẹ́, òun náà kò sì fẹ́ mọ́.

"Kí lo sọ?" Ohùn Alhaji Láyíwọlá ròkè. "Ìwọ lo ránṣẹ́ sí wa ní Jímọ̀ pé ká wá mú ọjọ́! Kí la ṣe fún ẹ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Alhaji. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"O jẹ̀bi? Ṣé ọ̀rọ̀ tó o lè sọ nìyẹn? Ṣé ó yé ẹ pé àgbà ni wá?"

Haleemah rí i láti ẹnu ọ̀nà bí Bàbá ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré níwájú ilé, lójú fọkanáísà, lójú àwọn aránṣọ òdìkejì, àti lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Kò dìde títí wọ́n fi yí padà. Taoheed nìkan ló dúró díẹ̀. Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó rí Haleemah, ó ní, "Ọlọ́run á fún ẹ ní àlàáfíà," kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ó tẹ̀lé àwọn àgbà rẹ̀ lọ.

Àǹtí Sàúdátù sọ̀rọ̀ títí. Ó ní ìtìjú ti bá ìdílé, ó ní ta ni yóò tún wá, ó bèèrè ta ló máa jẹ gbogbo mọ́sà tí òun ti dín láti àárọ̀. Nígbà tó sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún àwọn ará ilé pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń pín ẹjọ́.

Oòrùn ti lọ sí ẹ̀yìn ilé alájà mẹ́ta tó dojú kọ wọ́n nígbà tí Bàbá padà wọlé. Orúnkún rẹ̀ ní eruku. Kò jókòó sórí àga iṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú Haleemah, tòun tọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dọ́gba.

"Haleemah."

"Bàbá mi."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ní báyìí?" Ó rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

"Rárá. Tó bá di ọdún márùn-ún sí i." Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ọdún mẹ́wàá. Kí lo fẹ́ kí o jẹ́? Sọ fún mi. Ohun tó bá jẹ́, a ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀."

Ó pe "ọdún mẹ́wàá" yẹn bí ọmọ kéwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní súrà tuntun, tí ẹ̀rù ń bà á kí ó má ṣì í pè. Ó sì ń wo ẹnu Haleemah. Kò wo ẹnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Haleemah la ẹnu láti dáhùn. Ó dá a lójú pé ìdáhùn wà níbẹ̀, pé láti ọjọ́ yìí wá ló ti wà níbẹ̀ tó ń dúró de kí wọ́n bèèrè rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbogbo ní tiwọn: Jameelah fẹ́ di nọ́ọ̀sì, Christabel fẹ́ di lọ́yà, ó sì ń sọ ọ́ láti kíláàsì kìn-ín-ní. Òun náà fẹ́ gba fọ́ọ̀mù. Ó rántí báyìí pé fọ́ọ̀mù nìkan ni òun fẹ́, nítorí pé gbogbo wọn ń gbà á. Ohun tí òun fẹ́ lọ kọ́, òun kò rò ó rí. Ó tún wá inú ara rẹ̀ wò. Ó mọ ohun tí Kéla fẹ́. Ó mọ ohun tí gbogbo ọmọbìnrin inú gbogbo ìwé tí Pẹ̀lúmi fún un ń fẹ́, àwọn tí ọjọ́ wọn kò gùn, ó sì ti sunkún fún wọn pé wọn kò ní rí i. Kò sí ọjọ́ kan tí ó fi ara rẹ̀ sí ọgbọ̀n ọdún kí ó wo bí yóò ṣe rí.

Kò sí ẹni tó tẹ̀ sí i létí rí. Síbẹ̀ òun náà ti ń gbé láyé bí àlejò tí kò tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá nìkan kọ́ ló ti ń ka ọjọ́.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ó ní.

Ohùn rẹ̀ kéré. Bàbá dúró kí ó tún fi nǹkan kún un, ṣùgbọ́n gbogbo òtítọ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn, ẹkún tí kò rí sun láti ọ̀sán sì wá gbà á lẹ́nu.